Sikirínì Kejì Tó Kọjú sí Àlejò

Ẹ̀yin tí ẹ ti bá ọ̀gá kan ṣiṣẹ́ rí, ẹ fọkàn balẹ̀, ọ̀gá tiyín kọ́ ni mò ń sọ. Ọ̀gá tèmi yìí ga díẹ̀, ó sanra níwọ̀nba, ó sì máa ń rìn bí ẹni tó ru omi, kí iyì má baà dànù lára rẹ̀. Òun ni olórí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń tọ́jú ìwé ìbí gbogbo ará ìlú. Bí èèyàn bá bímọ, ibẹ̀ ló ń lọ. Bí èèyàn bá sì fẹ́ fi hàn pé wọ́n bí òun fúnra òun, ibẹ̀ náà ni. Iṣẹ́ ńlá ni, n kò sì ní fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀gá yẹn ni n óò fi ṣe é, n kò sì ní ṣe é jù.

Oyè mẹ́rin ló ní, ìkan ṣoṣo ni ìjọba fún un nínú rẹ̀. Ìwé tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́ pè é ní Olùdarí. Lọ́dún kejì, ó fi Ọlọ́lá Jùlọ ṣáájú rẹ̀. Lọ́dún kẹta, ó fi Alábòójútó Gbogbo Ìwé tẹ̀lé e, nígbà tó sì rí i pé ìlà náà ṣì ní àyè díẹ̀ lápá ọ̀tún, ó fi Olùtọ́jú Òǹtẹ̀ dí i, torí inú àpò ẹ̀wù rẹ̀ ni òǹtẹ̀ ọ́fíìsì máa ń wà. Lójú rẹ̀, Ọlọ́lá ni wọ́n ń pè é. Bó bá ti kẹ̀yìn, Baba Òǹtẹ̀ ni.

Òfin kan wà lọ́fíìsì náà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ la ẹnu bá Ọlọ́lá sọ ohun tí Ọlọ́lá ò béèrè. Bí o bá ní ohun tó o fẹ́ sọ, wàá kọ ọ́. Lẹ́tà náà yóò gba orí tábìlì márùn-ún kọjá, oyè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò sì wà lórí rẹ̀ bí wọ́n ṣe tò. Àǹtí Akọ̀wé, tó máa ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ló ń ka àwọn oyè náà. Bí ìkan bá dín, lẹ́tà yóò padà síbi tó ti wá, bó tiẹ̀ jẹ́ pé iná ló ń jó ilé tí wọ́n torí rẹ̀ kọ ọ́.

Nínú yàrá tó kẹ́yìn lọ́dẹ̀dẹ̀ yẹn ni obìnrin kan tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Rẹ́jísítà ti ń ṣiṣẹ́. Ọdún mọ́kànlélógún ló ti lò láàárín àwọn ìwé ńláńlá tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn ọmọ tuntun sí. Ó mọ ọwọ́ ìkọ̀wé àwọn akọ̀wé tó ti kú kó tó débẹ̀. Ó lè wo ìlà kan kó sọ fún ọ pé ẹni tó kọ ọ́ ń kánjú relé lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti ya àwòrán gbogbo ojú ewé àwọn ìwé yẹn sínú kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa wo àwòrán kọ̀ọ̀kan, kó sì tẹ ohun tó bá wà níbẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù tuntun.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé sikirínì kan ló ní. Bó bá ṣí àwòrán, fọ́ọ̀mù á pamọ́. Bó bá ṣí fọ́ọ̀mù, àwòrán á pamọ́. Ó ní láti há orúkọ ọmọ, orúkọ ìyá, orúkọ bàbá àti ọjọ́ ìbí sórí, kó pa àwòrán dé, kó ṣí fọ́ọ̀mù, kó wá máa tẹ̀ ẹ́. Kó tó kan bàbá, ìyá á ti fò lọ lórí rẹ̀, á sì tún padà lọ wò ó. Ó tó ẹgbẹ̀ta ìgbà lóòjọ́ tó ń lọ tó ń bọ̀ báyìí, títí ọrùn rẹ̀ á fi gan, tí ojú á máa ta á. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti wọlé. Ọkùnrin kan wá fẹjọ́ sùn pé ìwé òun sọ pé ọmọ òun ló bí òun. Obìnrin kan rí i nínú tirẹ̀ pé ọdún tó ń bọ̀ ni wọ́n máa bí òun, ó sì béèrè bóyá kí òun lọ sílé kí òun padà wá nígbà náà.

Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Ìyá Rẹ́jísítà ò rẹ́rìn-ín. Ìwé ìkìlọ̀ méjì ti wà nínú fáìlì rẹ̀, òfin olú iléeṣẹ́ sì ni pé ẹni tó bá gba ẹ̀kẹta, ilé ló ń lọ. Yàtọ̀ síyẹn, oṣù mẹ́fà péré ló kù tí wọ́n máa kó àwọn ìwé àtijọ́ lọ síbi ìpamọ́ tó jìnnà. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ò bá tíì wọ kọ̀ǹpútà nígbà náà, ilé ẹjọ́ ni yóò ti lọ búra pé lóòótọ́ ni wọ́n bí òun.

Ó yá téèpù ìwọ̀n lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń ránṣọ, ó wọn tábìlì, ó wọn sikirínì tó wà lórí rẹ̀, ó sì jókòó kọ lẹ́tà olójú ewé kan. Sikirínì kejì ló ń béèrè, kì í ṣe ńlá. Kó ga tó ti àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́, kí ọrùn òun má máa lọ sókè sódò bíi ti alángbá. Kí ojú rẹ̀ má dán, torí fèrèsé wà lẹ́yìn òun, oòrùn á sì máa ta sí i. Kó má fẹ̀ ju àyè tó kù lórí tábìlì lọ, ó sì kọ ìwọ̀n àyè náà síbẹ̀. Àwòrán á wà lápá òsì, fọ́ọ̀mù á wà lápá ọ̀tún, òun á kàn máa yíjú díẹ̀ ni. Mo ti ka lẹ́tà yẹn, ọmọ kékeré á lóye rẹ̀.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni lẹ́tà náà fi rìn kó tó dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́lá. Ó kà á lórí ìdúró, ó jókòó, ó tún un kà, ó sì ránṣẹ́ pe Igbákejì rẹ̀, ọkùnrin kan tó jẹ́ pé bí Ọlọ́lá bá sín, òun ló ń nu imú.

"Sikirínì mélòó ló wà lórí tábìlì mi?"

Igbákejì wò ó dáadáa bí ẹni tí kò rí tábìlì náà rí. Ó ní ìkan ni.

"Ti obìnrin yẹn ńkọ́?"

Ó ní ìkan náà ni.

"Ó wá fẹ́ ní méjì. Kí èmi wá ní mélòó?"

Igbákejì ò tíì rí ìbéèrè tó jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ láyé rẹ̀, ó sì sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ọlọ́lá Jùlọ, ọ̀rọ̀ yìí ju sikirínì lọ. Bó bá gba sikirínì lónìí, àga yín ló máa béèrè lọ́la. Bí akọ̀wé bá ní méjì níbi tí ẹ̀yin ti ní ìkan, kí la máa sọ fún àwọn ọmọ tí a ò tíì bí?" Bí ó ṣe jẹ́ pé ọ́fíìsì ìwé ìbí ni wọ́n wà, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí yìí wọ Ọlọ́lá lára gan-an.

Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ lórí bí Ọlọ́lá ṣe máa ní sikirínì kejì tirẹ̀. Wọ́n pè é ní Ìgbìmọ̀ Tí Yóò Gbé Ọ̀ràn Sikirínì Kejì Yẹ̀wò Láti Ìbẹ̀rẹ̀ Títí Dé Òpin, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n sì fi ṣèpàdé. Ọkùnrin kan wà lọ́fíìsì náà tó mọ kọ̀ǹpútà tinú tòde, tí wọ́n ń pè ní Bọ̀dá Wáyà. Wọn ò fi í sínú ìgbìmọ̀, torí ipò rẹ̀ ò dé ibẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n pè é wọlé, lẹ́ẹ̀mejèèjì kó wá dín agbára fáànù kù, kó má fẹ́ ìwé àwọn àgbà lọ.

Ní ìpàdé àkọ́kọ́, wọ́n jíròrò bóyá ó bójú mu láti pè é ní sikirínì kejì, níwọ̀n bí kò ti yẹ kí ohunkóhun tó jẹ́ ti Ọlọ́lá ṣe ipò kejì. Ní ìpàdé kẹta, wọ́n fẹnu kò pé dúdú ni kó jẹ́. Ní ìpàdé kẹrin, wọ́n yí i padà. Ìpàdé kẹfà ni Igbákejì dìde tó sọ pé sikirínì tí kò bá fẹ̀ tó èjìká ẹni tó ni ín, àbùkù ni. Wọ́n ránṣẹ́ yá téèpù lọ́wọ́ Ìyá Rẹ́jísítà, wọ́n sì wọn Ọlọ́lá láti èjìká dé èjìká. Ọlọ́lá fa èémí símú, ó dá a dúró níbẹ̀ títí wọ́n fi kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n wá fi ìbú ọwọ́ kan lé e nítorí bí ó ṣe máa pọ̀ sí i lọ́jọ́ iwájú. Iye yẹn ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù. Nínú gbogbo ìpàdé mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án, kò sẹ́ni tó béèrè iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi í ṣe.

Ìbéèrè yẹn ò yọjú àfi ìgbà tí sikirínì dé nínú páálí tó tó ilẹ̀kùn. Àmọ́ Ọlọ́lá ti ní ìdáhùn. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé yàrá rẹ̀ fún yín. Ilẹ̀kùn méjì ló ní. Ìkan wà lẹ́yìn àga rẹ̀, òun nìkan ló ń gba ibẹ̀ wọlé, ibẹ̀ náà ló sì ń gbà jáde. Àlejò ń gba ti iwájú wọlé, wọ́n á sì jókòó sórí àga tó kọjú sí tábìlì. Apá ibi tí àlejò ń jókòó yẹn, Ọlọ́lá kì í débẹ̀, torí ibi àwọn tó ń tọrọ nǹkan ló ka ibẹ̀ sí. Ohun tó ti ń dùn ún lọ́kàn láti ọdún yìí wá ni pé ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà rẹ̀, pẹ̀lú wáyà àti eruku, ni àlejò máa ń rí, orí tirẹ̀ á kàn yọ sókè díẹ̀ bí ẹni tó sá pamọ́. Ó wá pàṣẹ pé kí wọ́n yí sikirínì tuntun náà kọjú sí àlejò, kí wọ́n fi fọ́tò òun sójú rẹ̀, kí àwọn aráàlú lè rí ohun tó dára wò bí wọ́n bá ń dúró.

Bọ̀dá Wáyà fi wáyà so méjèèjì pọ̀. Fọ́tò Ọlọ́lá yọ gbàgàdà, ó ń rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ kan tóbi tó àwo kékeré. Ni Bọ̀dá Wáyà bá rántí ohun kan, ó ní, "Ọlọ́lá, ó ku ohun kékeré kan nípa bó ṣe ń..." Ọlọ́lá gbé ìka kan sókè.

"Kọ ọ́," ó ní.

Ó kọ ọ́. Ìlà méjì péré ni. Ó ní ohunkóhun tí Ọlọ́lá bá ṣí lójú sikirínì tirẹ̀ ni àlejò á máa rí lójú kejì. Kí wọ́n fún òun ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré, òun á ya méjèèjì sọ́tọ̀. Àǹtí Akọ̀wé dá lẹ́tà náà padà, torí oyè Olùtọ́jú Òǹtẹ̀ ò sí lórí rẹ̀. Ó tún un kọ, ó tún padà, oyè kejì ti ṣáájú èkíní. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló wọlé, ó sì lọ sùn sínú tíréè tí Ọlọ́lá ń kó àwọn lẹ́tà tí kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọpẹ́ sí.

Wọ́n ṣí sikirínì náà ní gbangba. Wọ́n so ríbọ́ọ̀nù mọ́ ọn, gbogbo òṣìṣẹ́ sì dúró títí ẹsẹ̀ fi ń ro wọ́n.

"Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ mi," Ọlọ́lá ní, "ẹ̀yin tí orí yín dára tí ẹ fi bá mi láyé. Àwọn kan wà tí sikirínì kan tó fún. Mi ò bú wọn. Ṣùgbọ́n bí èrò inú ẹnì kan bá ti pọ̀ ju ohun tí sikirínì kan lè gbà lọ, kí ni kí onítọ̀hún ṣe? Ṣé kó máa ronú níwọ̀nba ni?" Igbákejì ní rárá o, wọn ò ní gbà fún un. Omi bọ́ lójú Ọlọ́lá nígbà tó gbọ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe mọ ọ̀rọ̀ sọ. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí Ìyá Rẹ́jísítà, ó ní òun ò gbàgbé pé obìnrin náà ló kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ náà wá, nítorí náà kó gba páálí rẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ìyá Rẹ́jísítà gbé páálí lọ sí yàrá rẹ̀, ó gé e, ó sì fi dí fèrèsé tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí oòrùn lè yọwọ́ lọ́rọ̀ rẹ̀ ó kéré tán.

Ibi tí mo ti ń bọ̀ látàárọ̀ rèé. Ohun mẹ́ta ni Ọlọ́lá mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń tàn án, ó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí lẹ́tà, tí wọ́n ń kọ nǹkan sí i, tí wọ́n sì ń jù ú nù, ó sì mọ eré káàdì tí èèyàn máa ń dá ṣe, tí ọkọ ọmọ rẹ̀ kọ́ ọ. Láti aago mẹ́sàn-án títí di aago méjì, káàdì ló ń ta. Ó máa ń lejú koko, ó máa ń mí kanlẹ̀, kò sì sí ẹni tó rí i láti iwájú tí kò ní káàánú rẹ̀ pé iṣẹ́ ìlú fẹ́ pa á.

Onígbàjámọ̀ kan ló kọ́kọ́ wọlé lẹ́yìn tí wọ́n ṣí sikirínì. Wọ́n ti ṣi orúkọ ọmọ rẹ̀ kọ. Ó jókòó, ó kí fọ́tò, ó kí Ọlọ́lá. Láìpẹ́, fọ́tò lọ, káàdì sì tò bẹẹrẹ láti òkè dé ilẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan tóbi tó ìwé.

"Ọ̀rọ̀ yín gan-an ni mò ń wò lọ́wọ́ yìí," Ọlọ́lá ní. "Ó le díẹ̀."

Onígbàjámọ̀ wò ó. Lóòótọ́ ló le, torí dúdú olójú méje kan ò ríbi lọ. Ó rò pé bóyá bí ìjọba ṣe ń yanjú ọ̀rọ̀ nísinsìnyí nìyẹn. Ó fà sún mọ́ ọn. Nígbà tí Ọlọ́lá fojú fo pupa olójú mẹ́jọ tó wà ní gbangba, onígbàjámọ̀ wúkọ́. Ọlọ́lá gbójú sókè pé kí ló dé, nígbà tó máa gbójú sílẹ̀, ó rí olójú mẹ́jọ. Gbogbo káàdì wọlé tán. Onígbàjámọ̀ pàtẹ́wọ́, kò mọ ìgbà tó ṣe é. Ọlọ́lá dìde díẹ̀ lórí àga, ó tẹrí ba, ó sì sọ fún un pé kó máa lọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ àgbà. Orúkọ ọmọ ṣì wà bó ṣe wà. Àmọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín ni ọkùnrin náà fi jáde, kó sì tó fá orí mẹ́ta lọ́jọ́ náà, ìdajì àdúgbò ti gbọ́.

Àwọn èèyàn wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wá. Àwọn tó níṣẹ́ níbẹ̀ wá, àwọn tí kò níṣẹ́ níbẹ̀ pọ̀ jù wọ́n lọ. Awakọ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì ń gbé ọmọ ọmọ rẹ̀ wá láràárọ̀. Bí Ọlọ́lá bá pàdánù, wọ́n á kẹ́dùn. Bó bá borí, wọ́n á pàtẹ́wọ́, òun náà á sì tẹrí ba. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Àwọn àlejò rò pé ó mọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ mọ̀ pé kò mọ̀, ṣùgbọ́n òfin ni pé kí wọ́n kọ ọ́, wọ́n sì ti kọ ọ́.

Orí Ọlọ́lá wú. Ó kọ ìròyìn ránṣẹ́ sí olú iléeṣẹ́ pé nígbà kan, àlejò mẹ́rin ló ń wá lóòjọ́, wọ́n ti di ọgọ́ta báyìí, ìfẹ́ tí aráàlú ní sí òun ló fà á. Àmọ́ ó fi kún un pé àṣìṣe ṣì ń wà nínú ìwé ìbí, akọ̀wé kan báyìí ló sì ń fà á, òun sì ti ń múra ìwé ìkìlọ̀ kẹta sílẹ̀ fún un.

Ìyá Rẹ́jísítà gbọ́ nípa ìwé ìkìlọ̀ náà lẹ́nu Àǹtí Akọ̀wé. Ó dìde lọ bẹ Ọlọ́lá pé kó fún òun ní oṣù kan sí i. Àwọn èrò kún yàrá, ó sì dúró lẹ́yìn wọn. Ìgbà yẹn ló kọ́kọ́ rí sikirínì náà bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ojú ewé ìwé àtijọ́ méjì á gba ojú rẹ̀ pẹ̀lú fọ́ọ̀mù, àyè á tún ṣẹ́ kù. Ọba pupa àti ayaba dúdú ló wà níbẹ̀. Inú rẹ̀ bàjẹ́ kọjá sísọ, n kò sì ní fi ìyẹn ṣàwàdà. Ó padà sí yàrá rẹ̀ láìsọ ohun tó bá wá, ó jókòó ti páálí tó fi dí fèrèsé, ó sunkún díẹ̀, ó nu ojú, ó sì ṣí àwòrán tó kàn.

Ìròyìn àlejò ọgọ́ta yẹn ló mú kí olú iléeṣẹ́ rán olùyẹ̀wò wá, kó wá kọ́ ọgbọ́n tí Ọlọ́lá fi mú àwọn èèyàn fẹ́ràn ọ́fíìsì ìjọba, ohun tí wọn ò tíì rí irú rẹ̀ rí. Màmá kan ni olùyẹ̀wò náà, àgbàlagbà tó wọ bàtà pẹlẹbẹ, tó gbé báàgì ńlá kan. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọlọ́lá ti lé àwọn èrò lọ́jọ́ náà kí ilé lè tòrò. Màmá gba ilẹ̀kùn iwájú wọlé, ó jókòó sórí àga àlejò, ó kí fọ́tò tó ń rẹ́rìn-ín. Igbákejì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti máa gbè é lẹ́yìn bí Ọlọ́lá bá sọ̀rọ̀.

Màmá ní àwọn ti rí ìròyìn nípa àṣìṣe inú ìwé ìbí. Ó béèrè irú èèyàn tí akọ̀wé náà jẹ́, àti bóyá ó ti béèrè ohunkóhun tó lè mú iṣẹ́ rẹ̀ rọrùn.

"Ìyá Rẹ́jísítà?" Ọlọ́lá ní. "Bí ọmọ inú mi ni mo ṣe mú un, Màmá. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kì í béèrè nǹkan. Kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi rí."

Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ọwọ́ rẹ̀ ń wá lẹ́tà obìnrin náà kiri inú kọ̀ǹpútà, níbi tí Àǹtí Akọ̀wé ti ya àwòrán rẹ̀ pamọ́ sí. Ó rí i. Lẹ́tà náà yọ lójú sikirínì kejì, ó fẹ̀ ju èjìká ọkùnrin lọ, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ àti ìwọ̀n àyè tó kù lórí tábìlì. Màmá mú awò ojú rẹ̀ jáde nínú báàgì. Igbákejì rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú sí Ọlọ́lá, ó fa etí, ó fọwọ́ tọ́ sikirínì. Ọlọ́lá rò pé ó ń yìn ín ni, ó mi orí sí i. Igbákejì fẹ́ la ẹnu, Ọlọ́lá gbé ìka kan sókè. Ó bá fa bébà yọ láti kọ ọ́. Ọlọ́lá Jùlọ, ó kọ. Olùdarí. Alábòójútó Gbogbo Ìwé.

Kó tó dé Olùtọ́jú Òǹtẹ̀, lẹ́tà Ìyá Rẹ́jísítà ti ń rìn lọ díẹ̀díẹ̀ lójú sikirínì, ó wọ inú agbọ̀n ìdọ̀tí inú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà béèrè bóyá ó dá a lójú. Ọlọ́lá tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ó ṣí ìwé ìkìlọ̀ kẹta, ó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá oyè pé, ó sì fi ọjọ́ ọ̀la sí i, gbogbo rẹ̀ nígbà tó ń sọ fún Màmá pé bí nǹkan bá ṣe Ìyá Rẹ́jísítà, òun ò mọ bí òun ṣe máa ṣe é. Nígbà tó rí i pé gbogbo nǹkan ti bọ́ sípò, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó sì ṣí káàdì.

Màmá wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó yọ awò ojú, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

"Ọ̀gá," ó ní, "ẹ gbé ọba pupa yẹn lọ síbi tó ṣófo."

Ọlọ́lá gbé e. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kó lọ. Ó ti ń ṣí ẹnu láti dúpẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó yé e. Ó wo Màmá, ó wo ẹ̀yìn sikirínì tuntun. Ó dìde, ó yí tábìlì po, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ méje tí wọ́n ti ṣí sikirínì náà, ó sì dúró síbi tí àlejò máa ń jókòó. Ọba pupa wà níbẹ̀, ó tóbi ju orí òun fúnra rẹ̀ lọ. Ó rántí onígbàjámọ̀. Ó rántí àtẹ́wọ́, ó rántí gbogbo ìgbà tó tẹrí ba. Ojú tì í tó bẹ́ẹ̀ tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dáwọ́ ìtàn yìí dúró.

Ó béèrè ta ló ṣe é. Wọ́n pe Bọ̀dá Wáyà. Ó ní òun ti kọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta. Màmá na ọwọ́ sí tíréè, ó rí lẹ́tà náà, kò sì pẹ́ tó fi kà á tán, torí ìlà méjì ni, oyè rẹ̀ ló gùn. Ó ní kí wọ́n mú òun lọ sí yàrá tó kẹ́yìn.

Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Rẹ́jísítà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó ń ka iye ìgbà tó lọ tó bọ̀. Mẹ́tàdínlógójì ni. Ó ní òun náà ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí nígbà tí òun wà lọ́dọ̀ọ́, ìwé méjì ni wọ́n máa ń ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kò sẹ́ni tó ń pa ìkan dé kó tó kọ èkejì. Wọ́n gbé sikirínì ńlá náà wá, kò gba orí tábìlì. Bọ̀dá Wáyà bá yọ lẹ́tà obìnrin náà kúrò nínú agbọ̀n ìdọ̀tí, ó mú ìwọ̀n tó wà níbẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó sì padà dé kí wọ́n tó ṣíwọ́ iṣẹ́, sikirínì kékeré kan tí ojú rẹ̀ kò dán wà lábẹ́ apá rẹ̀. Ó ga tó ti àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́. Ìyá Rẹ́jísítà fi ọwọ́ pa á lára, ó kàn ń dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá kọjá. Ìwé ìkìlọ̀ kẹta ò jáde. Olú iléeṣẹ́ sì kọ̀wé sí Ọlọ́lá pé iṣẹ́ ìlú ti rẹ̀ ẹ́ jù, kó máa lọ sinmi nílé.

Ẹni tó bá fẹ́ fẹ̀yìn tì gbọ́dọ̀ mú ìwé ìbí wá. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì tí wọ́n máa kó àwọn ìwé àtijọ́ lọ, tó ku ojú ewé díẹ̀ nínú ìwé tó kẹ́yìn, ọkùnrin kan wọ yàrá Ìyá Rẹ́jísítà, ó tò sẹ́yìn àwọn tó ti wà níbẹ̀. Nígbà tó kàn án, ó jókòó. Wọ́n kíra. Obìnrin náà ò fi ohunkóhun hàn lójú, ó béèrè orúkọ ìyá rẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀ àti ọdún tí wọ́n bí i, bó ṣe ń bi gbogbo èèyàn.

Àwòrán ojú ewé náà yọ lápá òsì. Akọ̀wé tó kọ ọ́ ti kú tipẹ́, ọwọ́ rẹ̀ dára. Orúkọ ìyá wà níbẹ̀, orúkọ bàbá wà níbẹ̀, ọjọ́ wà níbẹ̀. Níbi tó yẹ kí orúkọ ọmọ wà, ohun tí akọ̀wé náà kọ ni: Ọmọkùnrin. Wọn ò tíì sọ ọ́ lórúkọ.

Ọkùnrin náà kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Kí ni kí n kọ síbẹ̀, sà?" Ìyá Rẹ́jísítà bi í. Àyè orúkọ nínú fọ́ọ̀mù tuntun gùn dáadáa, ó sì ti gbé ìka rẹ̀ lé e.

Ọkùnrin náà dárúkọ kúkúrú kan, èyí tí ìyá rẹ̀ fi ń pè é nílé, tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ rí lọ́fíìsì yẹn. Obìnrin náà ní kó tún un pè kí òun má baà ṣì í kọ, ó sì tẹ̀ ẹ́ sápá ọ̀tún, ó yí sikirínì sí i díẹ̀ kó lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ọkùnrin náà fa àga sún mọ́ ọn. Ó wo lẹ́tà orúkọ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ní ó ti tọ̀nà. Ó ṣì jókòó síbẹ̀, ó ń wò ó, títí ẹni tó tò tẹ̀lé e fi béèrè bóyá bàbá ti ṣe tán, ó sì dìde fún un.